Ẹyin Àparò Tí Kò Ní Èèpo

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù Kẹta, 1963

Mo ti fi omi ṣan ẹnu lẹ́ẹ̀mẹrin, mo tún jẹ orógbó lé e, síbẹ̀ ó ṣì wà lọ́fun mi. Ìríra gbáà!

Àparò tí ọkọ mi ń sìn lẹ́yìnkùlé tún yé ẹyin tí kò ní èèpo láàárọ̀ yìí. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bò ó, ó ń mì lórí àwo bí oówo tó fẹ́ bẹ́. Ìyá ọkọ mi gbé e wá bá mi.

"Ìyàwó, ẹ̀bùn Ọlọ́run nìyí. Irú ẹyin yìí ló ń ṣí ilé ọmọ. Bísímílláhì, gbé e mì."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sè é."

"Ta ní ń sè é? Gbé e mì lódidi!"

Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìgbẹ́ ẹyẹ sì wà lára rẹ̀. Wọ́n dúró tì mí títí mo fi gbé e mì. Ọkọ mi fọwọ́ bo imú, ó jáde.

Adìẹ ìyá mi ní Òjòkú yé irú rẹ̀ rí. Ìkarahun ìgbín ni ìyá mi gún mọ́ oúnjẹ wọn tí ẹyin fi le. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí ìyá ọkọ mi ń kírun, mo gún tèmi kúnná, mo dà á fún àwọn àparò.

Ẹyin á le. Ìyá á sì tún wá nǹkan mìíràn tí n ó gbé mì, mo mọ̀ wọ́n.

Ọdún mẹ́ta la ti fẹ́ra. Kò tíì sẹ́ni tó ní kí ọkọ mi gbé ohunkóhun mì.