Bọ́tìnì Tí Rọ́nkẹ́ Kò Yọ

Àgọ́-Ìwòyè, Ọjọ́bọ̀

Mo ń dán ètò tí èmi àti Rọ́nkẹ́, ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ń ṣe wò, èyí tí a fi ń pín dísìkì kọ̀ǹpútà sí apá-apá, ni mo bá ṣèèṣì tẹ "Pa á rẹ́" lórí apá tí gbogbo fọ́tò Màmá mi tó ti kú wà. Apá náà pòórá lójú mi.

Rọ́nkẹ́ tó jókòó tì mí kò tiẹ̀ dìde. "Ẹ fọkàn balẹ̀, bọ̀dá. Èèkàn lẹ ṣì ń kàn."

Bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀ ẹbí rẹ̀ ní ìlú Awà ló wò ṣe ètò náà. Wọ́n kọ́kọ́ kan èèkàn, tẹbí tará rìn yí i ká, kí wọ́n tó gbin pèrègún sí ààlà. Nínú ètò wa náà, èèkàn lásán ni "Pa á rẹ́"; ìgbà téèyàn bá tẹ bọ́tìnì "Mo gbà" nìkan ni dísìkì tó máa yí padà.

Ó ṣí mẹ́nù, ó fagi lé ohun tí mo tẹ̀, ó tu èèkàn mi. Màmá padà wá.

Àná ni mo ní kó yọ "Mo gbà", pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Ó ní òun ti gbọ́. Ọlọ́run ṣeun, kò yọ ọ́.