Bí Ẹgbẹ́ Wa Ṣe Rí Aláìnílé Àkọ́kọ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ohun tó gba oorun lójú mi lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Àkọ́kọ́ ni ìwọ, bóyá o ń jẹun. Lẹ́yìn rẹ ni ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ìyá rẹ ní òun ti tì, tí mo dìde lọ wò, tó sì tì lóòótọ́. Ikọ́ mi tún wà ńbẹ̀: ó ti lọ, mi ò sì mọ ibi tó lọ. Èyí tó kù ni ìjọba. Ṣùgbọ́n ti ìjọba yìí, ayọ̀ ni, irú èyí tí mi ò rí láti ọjọ́ tí o ti yege ìdánwò. Mo kí ọ, ìyá rẹ náà kí ọ. Òrùlé tí o sùn sábẹ́ rẹ̀ kò ní jò lé ọ lórí, ẹni tó ni ín kò sì ní bá ọ ṣọ̀tá. Wàá rí ìdí tí mo fi ń gba irú àdúrà yìí.

O mọ Bíríkìlà ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó kọ́ ìdajì ilé àdúgbò wa tí kò sì ní ọ̀kan ṣoṣo. Láti ìgbà tí ẹ̀yìn ti ń dùn ún ni kò ti lè gbé búlọ́ọ̀kù mọ́, owó ilé sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Onílé rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Má-fowó-mi-ṣeré, ní kó kó jáde kí oṣù tó parí. Àsìkò yẹn gan-an ni Télọ̀ tó wà lódìkejì títì gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba ń fún àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò lówó, àwọn tó ń dènà kí èèyàn má di aláìnílé, tí wọ́n sì ń wá ibùgbé fún ẹni tí kò nílé mọ́. Mo ní, ṣé kì í ṣe ohun tí àwa tí à ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà Télọ̀ ti ń ṣe látọjọ́ nìyẹn, tí à ń bẹ onílé kiri? A dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fi mí ṣe alága, Télọ̀ ní ẹni tí kì í sùn ló yẹ kó máa ṣọ́ ilé onílé.

Ní báńkì tá a ti lọ ṣí àkáǹtì ẹgbẹ́, ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ní kí n mú ẹ̀rí wá pé inú ilé mi ni mò ń gbé. Mo padà lọ mú ìyá rẹ àti aládùúgbò wa tó dàgbà jù, àwọn méjèèjì sì ṣe tán láti búra. Ó ní ìwé iná mànàmáná lòun ń fẹ́. Mo mú un lọ, ó sì gbà á gbọ́ ju ìyàwó mi lọ.

A wá fi ìwé ìbéèrè owó náà ránṣẹ́ sí ìjọba láti orí fóònù. Kíá ni èsì dé pé wọ́n ti rí i gbà, kí n má ṣe fèsì sí àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Kí ni mo ṣe tí wọn ò fẹ́ gbọ́ tẹnu mi mọ́? Mo fèsì láti tọrọ àforíjì. Wọ́n tún ní kí n má fèsì. Ìyá rẹ ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, bóyá wọ́n ń jẹun lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan pè láti ọ́fíìsì wọn, kò tiẹ̀ mẹ́nu kan àforíjì náà. Ó ní ká fi àwòrán iṣẹ́ wa ránṣẹ́, bí nǹkan ṣe rí ká tó ṣèrànwọ́ àti bó ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀. Mo rò ó títí. Wọn ò tíì lé Bíríkìlà, báwo lèèyàn ṣe ń ya àwòrán ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀? Bá a ṣe kó ẹrù rẹ̀ síta nìyẹn: ibùsùn, àpótí, ṣọ́bìrì, korobá, àga tó ti kán lẹ́sẹ̀ kan. A fi í jókòó sórí àpótí, Télọ̀ ní kó fajú ro. Bíríkìlà ní ojú wo ló tún kù tí òun máa fà. Àwòrán náà dára gan-an, o máa sunkún tí o bá rí i.

Ibi tá a ti ń wò ó lórí fóònù ni Má-fowó-mi-ṣeré bá wa. Ó rí ẹrù lójú títì, ó rí yàrá tó ṣófo, ó ní èèyàn dáadáa ni wá, òun ò mọ̀ pé a máa kó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ báyìí. Ká tó gbé ibùsùn nílẹ̀, ó ti fi àgádágodo tuntun sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹlòmíràn ti sanwó sílẹ̀. A bẹ̀ ẹ́, a fi àwòrán hàn án, a ní fún ìjọba ni. Ó ní kí ìjọba wá gbé e sílé. Bíríkìlà yíjú sí mi, ó ní Alága, ẹ kú iṣẹ́, ẹ ti dènà òun dáadáa.

Ọmọ mi, ilẹ̀ ò lanu kí n wọlẹ̀. Mo pe obìnrin ọ́fíìsì náà, mo sì rò fún un látòkè délẹ̀. Ó wá ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, àmọ́ owó àwọn tó ti di aláìnílé tiẹ̀ máa ń tètè jáde ju ti ìdènà lọ. Tí ẹgbẹ́ wa bá lè fi Bíríkìlà sí yàrá kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ń tì, àwọn máa wá wò ó lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n á sì san owó ilé ọdún kan fún un níbi tó bá wù ú. Mo fò sókè, orúnkún mi sì gbà.

Yàrá wo ló wá kù? Tìrẹ ti di ọ́fíìsì ẹgbẹ́, má bínú. Ìyá rẹ ní òun ò ní jáde ní yàrá òun nítorí ìjọba kankan, òun ò sì ní gba ẹni tí kì í sùn sínú rẹ̀. Ló bá ku tèmi. Bíríkìlà ti gba kọ́kọ́rọ́, ó sùn síbẹ̀ lánàá, Télọ̀ sì gbọ́ ìhanrun rẹ̀ láti òdìkejì títì. Obìnrin náà bi mí níbo lèmi máa wà títí wọ́n á fi dé. Mo ní ọmọ mi nílé nígboro. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ti wọ ìwé ìjọba báyìí, kò sí ẹni tó lè yọ ọ́ níbẹ̀.

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, àti díẹ̀ fún oògùn ẹ̀yìn Bíríkìlà, kí díẹ̀ sì kù fún ìyá rẹ, kó má bàa bínú sí ìjọba. Mo mọ̀ pé yàrá rẹ kéré. Mi ò kì í yí kiri tí mo bá ń sùn, torí mi ò kì í sùn. Kí Ọlọ́run fún ọ ní ilé tí àlejò ò ní tán níbẹ̀, tí wọn ò sì ní kó ẹrù rẹ síta láéláé, ì báà ṣe fún àwòrán.

Èmi ni bàbá rẹ, tí yóò wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù yìí.