Sẹ́ńsọ̀ Tí Kò Ké

Ẹ̀gbọ́n mi Raheemat,

Ẹ kú àárò wa o. Bàbá, Màmá àti ìyàwó mi kí yín láti Ìgàndó. Egungun ẹsẹ̀ Màmá ti ń so pọ̀.

Ẹ ti gbọ́ pé Bàbá fi ẹ̀yìn ọkọ̀ gbá a mọ́ ògiri, torí sẹ́ńsọ̀ tuntun tí ẹ fi ránṣẹ́, tó yẹ kó ké bí ènìyàn bá wà lẹ́yìn ọkọ̀, kò ké. Ẹ ò gbọ́ pé a lu Henry, rewáyà tó bá wa fi í sí ọkọ̀, títí ojú rẹ̀ kan fi fọ́. Ó ń pariwo pé, "Bùrọ̀dá Ṣàíbù, ẹ sọ̀rọ̀ o!"

Ó ti kìlọ̀ fún mi pé kí Bàbá má tíì wa ọkọ̀ náà, àfi tí òun bá fi kọ̀ǹpútà ṣètò sẹ́ńsọ̀ náà lọ́jọ́ kejì. Mi ò sọ fún Bàbá.

Ọlọ́hun á ṣọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jẹ́wọ́ fún Bàbá, torí ọwọ́ mi ni sípánà tó fọ́ ojú Henry wà.

Àbúrò yín,
Ṣàíbù