Bátìrì Tó Ń Mí Nínú Yàrá Wa

Fìdítì,
Ọjọ́ Ajé.

Fọláfúnmi ọmọ mi, Àyìnkẹ́,

Mo kí ọ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn, àyàfi ọ̀gá yín tí mo ṣì ń wò. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ibi iṣẹ́ rẹ gbóná mọ́ ọ. Ìyá rẹ kí ọ, ara rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀, ọsàn sì ti ń pọ́n lóko.

Èèpo ọsàn tí o ní kí n sá, mo ti sá a, ó kún àpò. Ṣùgbọ́n ta ló ń lọ sí yunifásítì lọ sun èèpo ọsàn? O ṣàlàyé pé àwọn òyìnbó máa ń fi irin kan tó wọ́n gan-an sínú bátìrì, kí afẹ́fẹ́ àti síńkì, irin tó wà nínú bátìrì náà tẹ́lẹ̀, lè tètè bára ṣiṣẹ́, bí kánún ṣe ń mú ẹ̀wà jinná kíákíá, àti pé irin lásán pẹ̀lú èédú èèpo ọsàn lẹ̀yin fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Ó dáa. Irin olówó ńlá tí ẹ kò lò yẹn wá dà? Ó gbọ́dọ̀ wà níbì kan. Wo abẹ́ tábìlì ọ̀gá yín dáadáa.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an ni àtùpà oníbátìrì tí o gbé wá pé ká bá ọ dán wò. O ní afẹ́fẹ́ ló ń mí, oòrùn ló ń dá agbára rẹ̀ padà, a sì lè fi cháàjì fóònù. Mo rò ó títí. Ohun tó ń mí, tí yóò bá wa sun yàrá kan náà, afẹ́fẹ́ ta ni yóò máa mí? Èyí tí ìyá rẹ ń rí mí kò tó o tẹ́lẹ̀. Ni mo bá fi ọ̀rá wé e ṣinṣin, mo tì í mọ́ inú àpótí irin, kí ó máa mí tirẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo ṣí i, ó ti kú.

Mọ́ṣúdù ni ọkàn mi lọ bá. O mọ̀ ọ́n, ọ̀rẹ́ mi tó ń fi jẹnẹrétọ̀ cháàjì fóònù fún ará àdúgbò. Láti ọjọ́ tí àtùpà náà ti dé, kò bi mí léèrè nípa rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ òun kì í rí nǹkan tuntun kó panu mọ́. Mo bá fẹjọ́ rẹ̀ sun Bàbá Uthman, alága àdúgbò wa, mo ní ó ti fa agbára bátìrì ọmọ mi lọ sínú jẹnẹrétọ̀ rẹ̀.

Wọ́n ní kí n gbé ẹ̀rí wá sí ìpàdé. Mo tú ọ̀rá kúrò, mo gbé e kalẹ̀ láàrin èrò, mo sì ń rojọ́ lọ. Bí Mọ́ṣúdù ṣe wọlé báyìí ni gbogbo èèyàn hó yèè: àtùpà ti ń tàn! Ojú tì mí. Mọ́ṣúdù wo ọ̀rá tó wà lẹ́sẹ̀ mi, ó ní ṣé èmi ni mo dí i nímú ni. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi: ta ló sọ fún un pé ó nímú?

Bàbá Uthman ní kí n bẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí nǹkan. Àmọ́ kò yà kí wa láàárọ̀ mọ́, òun tó fi ọ̀kadà gbé ìyá rẹ dé ọsibítù lọ́jọ́ tí èémí rẹ̀ fẹ́ já. Ó ń dùn mí, Àyìnkẹ́. Wá sílé lópin ọ̀sẹ̀ yìí, kí o ṣàlàyé nǹkan yìí lójú àwa méjèèjì. Mú owó díẹ̀ dání, kí n fi ra epo sínú jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, kí n fi tù ú nínú. Má fi í sínú fóònù o, n kò mọ ẹni tó ń kọ́kọ́ kà á lọ́nà.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á tàn dé ibi tí ẹsẹ̀ mi kò dé. Ẹni rere ni wàá máa bá pàdé. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Akínwándé.

Mo fẹ́ lẹ ìwé yìí pa ni Mọ́ṣúdù wọlé. Ó ní epo ti wọ́n jù, jẹnẹrétọ̀ òun ti dákẹ́ láti àná, kí n jọ̀ọ́ bá òun cháàjì fóònù òun. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Mo ṣí fèrèsé, mo ki wáyà fóònù rẹ̀ bọ àtùpà náà, a sì jọ jókòó tì í báyìí: èmi ń ṣọ́ àtùpà mi, òun ń ṣọ́ fóònù rẹ̀.