Ìdí Tí N Kò Fi Lè Wá Sọ̀rọ̀ Nípa Ìṣubú Àwọn Akọni

Ojúlé Kọkànlá,
Bódìjà Titun,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Fèyísọ́lá ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú àlàáfíà, kí ọyẹ́ tó mú gan-an lọ́dún yìí má sì kó ikọ́ bá àwọn ọmọ. Ara tèmi le níwọ̀n. Orúnkún màmá rẹ tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀, ó ti ń gun àtẹ̀gùn láìdi ògiri mú.

Mo rí ìwé tí o kọ sí mi gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé yín l'Ákùúrẹ́, pé kí n wá bá àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá sọ̀rọ̀ lórí ìdí tí àwọn akọni inú ìwé àtijọ́ fi máa ń ṣubú. Inú mi dùn pé èmi lo rántí. Ṣùgbọ́n n kò ní lè wá. Nígbà tí o béèrè lórí fóònù, mo ní ìrìn-àjò ti ń rẹ̀ mí. Irọ́ ni mo pa. Irọ́ náà ni mo pa lọ́jọ́ tí mo sọ fún ọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló jẹ́ kí n fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Ó yẹ kí o gbọ́ bó ṣe jẹ́ gan-an, kó sì jẹ́ láti ẹnu mi.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn àwọn ọba àti jagunjagun tó ga títí, tí wọ́n wá wó lulẹ̀. O mọ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nílé, kódà nídìí oúnjẹ, pé ọ̀tá kọ́ ló ń bì wọ́n ṣubú. Ohun tí ayé ń yìn wọ́n sí náà ni. Ẹni tí wọ́n ń yìn pé ó láyà, àyà yẹn ni yóò gbé e dé ibi tí kò yẹ kó dé. Ohun tí wọ́n ń yin èmi sí ni pé ojú mi mú. Wọ́n ní kò sí ọmọ tó lè jí iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ kí n má mọ̀. Mo gba ìyìn náà débi pé kò wá sí mi lọ́kàn mọ́ pé ojú mi lè ṣì í rí.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni tí mo ti ń kọ́ni ní Ring Road. Ramlah lorúkọ rẹ̀. Mọ́níyà ni wọ́n ti wá, bàbá rẹ̀, Alhaji Abdulhafeez, sì ń dáko ẹ̀gẹ́ níbẹ̀. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ilé wọn tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Òun àti ọmọbìnrin méjì mìíràn ló jọ ń gbé yàrá kan l'Ágbowó. Kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Tí mo bá bi í ní ìbéèrè, á wolẹ̀, á ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n sọ, sà." Mo ti pinnu lọ́kàn ara mi pé kò sí nǹkan kan lórí ọmọ náà.

Ìgbà tó di àsìkò iṣẹ́ àṣekágbá, Ramlah kọ ogójì ojú-ìwé lórí ìṣubú àwọn akọni. Ó ní kì í ṣe àyànmọ́ ló ń pa wọ́n. Ó ní nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyẹn, ẹnì kan máa ń wà tó fẹ́ràn akọni náà, tó sì máa ń kìlọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ẹni náà kì í jẹ́ ẹni ńlá. Ìyàwó ni, tàbí ìránṣẹ́, tàbí arúgbó kan. Akọni á wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kò ní gbọ́ ohun tó ń sọ. Fèyí, n kò tí ì ka irú rẹ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kankan rí. Kàkà kí inú mi dùn, ara mi gbóná. Mo gbé e sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ iṣẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ náà sì ní kọ̀ǹpútà ló kọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn.

Mo pè é sí ọ́fíìsì. Mo ní, "Ta ló bá ọ kọ ọ́?" Ó ní, "Èmi ni, sà." Mo ní irọ́ ló ń pa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo sì ka ẹkún náà sí ẹ̀rí pé ó jẹ̀bi. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ròyìn rẹ̀ fún màmá rẹ bí ẹni tó ṣẹ́gun. Ó gbé síbí rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Bàbá Fèyí, ẹ jẹ́ kó jókòó níwájú yín fún wákàtí kan, kó kọ òmíràn. Kí ló máa gbà yín?" Mo bi í bóyá òun ló fẹ́ máa kọ́ mi níṣẹ́ mi.

Ìgbìmọ̀ gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́. Wọ́n lé Ramlah fún ọdún méjì. Wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀, àmọ́ Alhaji kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ramlah ni bàbá rẹ̀ ní kó ka lẹ́tà náà, kó sì túmọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún bàbá rẹ̀ pé wọ́n ní olè lòun. Ọjọ́ kẹta, wọ́n bá Alhaji nílẹ̀ lóko. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ti rọ, ẹnu wọn ti wọ́, ọ̀rọ̀ kò sì jáde lẹ́nu wọn mọ́.

N kò mọ nǹkan kan nínú èyí. Mo ń kọ́ni lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, wọ́n ní ká kó kúrò ní ọ́fíìsì wa kí wọ́n lè kùn ún lọ́dà. Níbi tí mo ti ń tú ìwé ìdánwò àtijọ́ dànù ni mo rí ti Ramlah, láti ìgbà tó wà lọ́dún àkọ́kọ́. Ìdánwò tí wọ́n fọwọ́ kọ lójú mi ni, láìsí fóònù, láìsí kọ̀ǹpútà. Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn wà níbẹ̀, ìkìlọ̀, ìyàwó, ìránṣẹ́, lójú-ìwé méjì péré. Nísàlẹ̀ rẹ̀, èmi fúnra mi ti fi yíǹkì pupa kọ ohun tí mo ti gbàgbé pé mo kọ, "Èrò yìí dára púpọ̀. Fẹ̀ ẹ́ lójú lọ́jọ́ kan." Mo jókòó sórí páálí tí mo di ìwé sí.

Nígbà tí mo fi han màmá rẹ, ó kà á, ó dá a padà fún mi, ó ní, "Ẹ lọ sí Mọ́níyà." Ó di òwúrọ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Alhaji. Ramlah ń fún wọn ní ògì mu nígbà tí mo wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń kí mi ní kíláàsì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó dá mi dúró. Ó ní, "Sà, ẹ má bẹ̀ mí. Bàbá mi lẹ máa sọ fún. Wọ́n ń gbọ́ gbogbo nǹkan." Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní wọn. Mo ní ọmọ wọn kò jalè, èmi ni mo ṣì í. Wọ́n wò mí. Wọ́n wá fi apá òsì wọn ti ilẹ̀, wọ́n sì rọra yí ojú wọn sí ògiri.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọ́n ní kí n jẹ́ kó rọlẹ̀, pé orúkọ ilé-ìwé lè bàjẹ́. Nígbà náà ni mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí mo sì ń lọ jókòó sí ọ́fíìsì kọ́lẹ́ẹ̀jì náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n lò kí wọ́n tó kọ ìwé pé Ramlah kò jẹ̀bi. Alhaji ti kú ní ọjọ́ méjìlá ṣáájú ìwé náà. Èmi fúnra mi ni mo mú ìwé náà lọ fún Ramlah. Ramlah ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé. Ó nu ọwọ́, ó ka ìwé náà ní ìdúró, ó ká a. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó padà sídìí ẹ̀gẹ́. Mo gbọ́ pé kò padà sí ilé-ìwé títí di òní.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dúró níwájú àwọn ọmọ rẹ. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ìṣubú akọni, mo mọ̀ ọ́n sórí, mo sì tún ṣubú. Tí o bá fẹ́, ka lẹ́tà yìí sí wọn létí dípò mi. Ìwọ náà, ọ̀gá ni ọ́ báyìí, àwọn ọmọ á máa sunkún níwájú rẹ. Jọ̀ọ́, máa bi wọ́n léèrè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ọkàn tó ń fara balẹ̀. Kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sun ẹkún nítorí ìdájọ́ ẹnu rẹ. Kó tọ́jú àwọn ọmọ rẹ, kó sì jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ dùn mọ́ ọ títí dé òpin.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Olúdọ̀tun Adéfọlárìn.

Àfikún: Màmá rẹ ka lẹ́tà yìí kí n tó lẹ̀ ẹ́. Ó ní ó ku nǹkan kan. Kí ìgbìmọ̀ tó jókòó, ìyá Ramlah wá sílé wa lọ́jọ́ Sátidé kan, ó gbé àpò kan tó kún fún iṣẹ́ àṣekágbá náà bí ọmọ rẹ̀ ṣe fọwọ́ kọ ọ́ kó tó lọ tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Mo wà ní yàrá. Màmá rẹ ni mo ní kó lọ sọ fún un pé n kò sí nílé. Obìnrin náà ní kò burú, òun á dúró dè mí. Ó jókòó sẹ́nu géètì láti aago mẹ́wàá títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, mo sì ń wò ó láti ojú fèrèsé.