Dísíìkì Tí Kò Lè Bá Ojú Méjì Sáré

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbélé. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹkún tún kan ilẹ̀kùn wa. Ara mi le, adìẹ ìyá rẹ pa ọmọ mẹ́jọ, òrùlé ilé ìdáná ń jò, ẹ̀gbọ́n rẹ ní òun máa tún un ṣe, o ṣáà mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ tí o fi ẹkún sọ lórí fóònù ni kò jẹ́ kí n gbádùn. O ní kámẹ́rà olójú méjì lo fi ya ìyá rẹ kó tó fi wá sílẹ̀, ojú ọ̀tún ń ya tirẹ̀, ojú òsì ń ya tirẹ̀, kí a lè máa rí i bí ẹni tó jókòó tì wá, ṣùgbọ́n dísíìkì tó ń gba àwòrán náà pamọ́ kò lè sáré tó. Mo ní kí o jẹ́ kí dísíìkì náà sinmi, kó rí nǹkan jẹ, ni o bá pa fóònù. Mo wá lọ bá ẹni tó ń tún rédíò ṣe. Ó ní kò rẹ̀ ẹ́ o, pé bí ìgbà tí èèyàn méjì bá ń da omi sínú ìgò ọlọ́rùn tóóró lẹ́ẹ̀kan náà ni, èyí tí kò ráyè wọlé á dànù. Ó ní bí o bá ń gé àwòrán náà, tí o ń tò ó pọ̀, àwòrán méjèèjì náà ló gbọ́dọ̀ jọ jáde, àfi kí o wá dísíìkì tó yára ju èyí lọ, tàbí méjì tí a so pọ̀. Mo ní èyí tó ti dànù ńkọ́? Ó ní kò sí dísíìkì tó lè bù ú padà. Mo jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ títí tó fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn.

O ní ìdí tí o kò fi wálé láti ọjọ́ ìsìnkú nìyẹn, pé ojú mi ń tì ọ́. Ọmọ mi, ta ló bá ọ jà? O ní nítorí èyí tó dànù, ìyá rẹ kàn ń fò ṣáá nínú àwòrán náà. Ìyá rẹ, tí orúnkún kò jẹ́ kó ré ẹnu ọ̀nà kọjá láìdi ògiri mú fún ọdún mẹ́ta! Bó bá ń fò níbẹ̀, jọ̀ọ́, má tún un ṣe. Gbé e bọ̀ bẹ́ẹ̀, kí n rí i.

Owó oṣù yìí, má fi ránṣẹ́, fi wọkọ̀ wá. Bó bá ṣẹ́ kù, bá mi ra bátìrì tọ́ọ̀ṣì.

Ọwọ́ rẹ yóò máa ròkè. Ìwọ ni yóò sin mí, n kò ní sin ọ́. Mo ti gbá yàrá ìyá rẹ, ibẹ̀ ni kí o sùn. Èmi kò tíì lè sùn níbẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.