Fítámì Tí Mo Jí Nínú Ìgò Ẹ̀gbọ́n Mi

                                        Ṣọ́ọ̀bù Ìránṣọ Wa,
                                        Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Kìíní,
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta.

Eyínfúnjowó, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà lọ́hùn-ún? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Ọmọ rẹ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ńkọ́? Ìwọ gan-an, ṣé ò ń sinmi díẹ̀díẹ̀, àbí o ṣì ń sáré kiri bí ìgbà tí a wà lọ́mọdé? Ara tèmi ti le báyìí. Mo sọ pé báyìí torí pé kò le rárá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi fà á. Jókòó dáadáa kí o tó kà á, má sì rẹ́rìn-ín títí màá fi sọ ọ́ tán.

O mọ ẹ̀gbọ́n mi. O mọ̀ pé ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi jù mí lọ, o sì mọ̀ pé láti kékeré ni àwọn èèyàn ti máa ń kọ́kọ́ wo ojú wọn kí wọ́n tó rántí pé èmi náà dúró síbẹ̀. Mo rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Ọdún méjìlélógún ni àwa méjèèjì ti jọ ń ránṣọ nínú yàrá kan ṣoṣo yìí, maṣíìnì tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, a sì jọ ń dàgbà lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àfi bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ṣàdédé jáwọ́ nínú àgbà dídà, tí wọ́n fi èmi nìkan sílẹ̀ sídìí ẹ̀.

Ó tó oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn tí wọ́n gbé ìgò funfun ńlá kan dé, wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ tí a ń kó bọ́tìnnì sí. Láràárọ̀, tí wọ́n bá ti jẹun tán, wọ́n á gbé kápúsù kan mì, wọ́n á sì dé ìgò náà pinpin. Mo bi wọ́n pé kí ni. Wọ́n ní fítámì ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní antiọ́sídáǹtì, pé kì í jẹ́ kí ara tètè gbó. Bí wọ́n ṣe yí ọ̀rọ̀ padà nìyẹn. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀fọ́ àti ọsàn bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń rìn kiri àdúgbò ní kùtùkùtù pẹ̀lú fìlà gbàgẹ̀dẹ̀ àti awò dúdú bí ìyàwó mínísítà. Ọ̀rẹ́ mi, ara obìnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í dán.

Wọn ò jókòó sídìí maṣíìnì mọ́. Wọ́n ní kí èmi máa rán, kí àwọn máa gba oníbàárà lálejò, kí àwọn sì máa wọn wọ́n. Mò ń tẹ maṣíìnì títí ẹsẹ̀ mi ń wú, wọ́n jókòó sórí àga onítìmùtìmù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ka téèpù sí mi létí lọ́nà tí kò bá ara oníbàárà mu, èmi ni mo ń tú aṣọ, èmi ni mo ń bẹ̀bẹ̀. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé tí mo bá ń sọ̀rọ̀, wọn ò kọjú sí mi tààrà mọ́. Wọ́n á yí orí díẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí. Ẹ̀gbẹ́ ojú, Eyínfúnjowó! Mo ní ẹwà ti gun orí wọn.

Ọjọ́ kan ni ìyá kan wọlé nítorí aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Kò tilẹ̀ wo ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ló kúnlẹ̀ fún. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Àbúrò yín ló ní ká wá lónìí."

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rín in títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọn ò sọ òótọ́ fún obìnrin náà! Wọ́n ní, "Ẹ má dá wọn dúró o, ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ràn àpọ̀jù ọ̀rọ̀."

Mo wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì tí oníbàárà ti ń wọ aṣọ wò, mo wo dígí. Mo rí ọrùn mi, mo rí àpò kéékèèké tó wà lábẹ́ ojú mi. Kí ni wọ́n ní tí èmi ò ní? Ìgò kan ṣá ni.

Ọjọ́ kejì ni mo bẹ̀rẹ̀ olè. Kí wọ́n tó ti ibi ìrìn àárọ̀ wọn dé, màá ti ṣí dúrọ́ọ̀. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹyọ kan. Dígí ò sọ nǹkan kan fún mi. Mo sọ ọ́ di méjì fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó yá, mo sọ ọ́ di mẹ́ta, kí n lè tètè lé wọn bá. Inú òfìfo ni mo sì ń gbé e mì, ẹni tó ń jalè kì í kọ́kọ́ dúró jẹun.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo kúnlẹ̀, mò ń fi abẹ́rẹ́ kó etí aṣọ ìgbéyàwó náà mọ́ ọmọ yẹn lára, ni inú mi bá dà rú. Díẹ̀ ló kù kí n bì sórí aṣọ funfun báláú. Inú apẹ̀rẹ̀ tí a ń da àjákù aṣọ sí ni mo sáré bì sí. Ẹ̀gbọ́n mi gbá mi mú, wọ́n di orí mi mú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí a wà ní kékeré. Wọ́n bẹ ọmọ náà pé kó padà wá lọ́la. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fún mi ní fítámì kan, bóyá ó rẹ̀ mí ni. Wọ́n da ìgò náà sórí tábìlì, wọ́n ń fi ọmọ ìka ka kápúsù lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà. Wọ́n tún un kà.

"Ó yẹ kó ku mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n," ni wọ́n wí. "Àbúrò mi, ṣé ìwọ lo mú un?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu mi, àmọ́ kò jáde. "Èmi ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi náà fẹ́ máa dán ni."

Mo retí pé wọ́n á pariwo. Wọ́n jókòó. "Dídán kẹ̀? Ṣé o rò pé nítorí dídán ni mo ṣe ń lò ó? Ojú mi ló ń kú lọ."

Wọ́n ní oníṣègùn ojú ti yẹ àwọn wò, pé àárín ẹyinjú kọ̀ọ̀kan ló ń bàjẹ́ lọ, àgbà ló fà á. Wọ́n ní, "Tí mo bá wò ọ́ tààrà, ibi dúdú kan ló máa ń bo imú àti ẹnu rẹ. Àfi kí n yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n tó rí ọ."

Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi.

"Kí n sọ pé aránṣọ ò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́? Ọjọ́ tí ìyá yẹn pè mí ní àbúrò rẹ, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tó ti inú mi jáde láti oṣù mẹ́jọ nìyẹn. Mi ò fẹ́ kó tètè tán."

A jọ lọ bá obìnrin apòògùn tó ń tà á fún wọn. Ó kọ́kọ́ bá mi wí. Ó ní bí a ṣe ń mí, tí a ń jẹun, tí oòrùn ń pa wá, àwọn ìdọ̀tí kan ń ti inú ara fúnra rẹ̀ wá, tó ń jẹ ẹ́ bí ìpẹtà ṣe ń jẹ irin, pé àwọn fítámì yìí ló ń bá a jà. Ṣùgbọ́n inú èso, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rí èyí tó tó wọn. Ẹni tí kò ṣaláìní tó bá ń gbé e mì ní ìlọ́po, ara rẹ̀ ló ń dà láàmú. Ó ní síńkì, èròjà kan tó wà nínú kápúsù náà, ló dà mí nínú rú. Ti ẹ̀gbọ́n mi yàtọ̀, oníṣègùn ló ní kí wọ́n lò ó. Kò lè dá ojú tó ti lọ padà, ó kàn lè fà á sẹ́yìn kó má tètè burú sí i ni. Mo bi í pé kí ló wá ń dán lára wọn. Ó ní bóyá oúnjẹ, bóyá ìrìn, bóyá bí Ọlọ́run ṣe dá wọn ni. Ìdáhùn ìkẹyìn yẹn dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Èmi ni mo ra ìgò tuntun. Nígbà tí a padà dé ṣọ́ọ̀bù, mo mú abẹ́rẹ́, mo fẹ́ fi òwú bọ̀ ọ́, ni ẹ̀gbọ́n mi bá dìde, wọ́n lọ dúró sídìí fèrèsé, wọ́n kẹ̀yìn sí mi. Mo ní kí ló dé.

"Mò ń jowú rẹ ni," ni wọ́n wí. "Láti ọjọ́ tí ojú mi ti dà báyìí, tí o bá ti mú abẹ́rẹ́ báyìí, mo máa ń wá nǹkan ṣe níbòmíràn, kí n má baà rí i bó ṣe rọrùn fún ọ tó."

Ọlọ́run dárí jì mí, ọ̀rẹ́ mi, inú mi kọ́kọ́ dùn. Ẹ̀gbọ́n mi, tí gbogbo ayé ń wò, ń jowú èmi! Kò tó ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ó dùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹkún gbọ̀n mí.

Bá mi kí Bàbá àwọn ọmọ, bá mi kí nọ́ọ̀sì wa. Má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo jalè. Kí o sì lọ yẹ ojú tìrẹ náà wò. Má dúró dìgbà tó bá dùn ọ́, wọ́n ní kì í dunni.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò mọ nǹkan fi pamọ́ fún ọ,
Ìbàdíàrán